Irin Tó Kúrò Lẹ́sẹ̀ Fáwùnmí

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí. Àkùkọ wà nínú rẹ̀, àkùkọ kì í sì í purọ́.

Ọ̀kadà ló gbé Fáwùnmí ṣubú lọ́nà Akanran, eegun ojúgun rẹ̀ sì rún wómúwómú. Nílé ìwòsàn n'Ìbàdàn, wọ́n kó èyí tó rún kúrò, wọ́n fi irin kan dípò rẹ̀. Irin náà ní ihò lára bí afárá oyin, wọ́n sì ti po nǹkan funfun kan tí eegun fẹ́ràn mọ́ ọn.

"Bàbá, eegun yín ló máa hù wọ inú àwọn ihò yìí," ni dókítà wí. "Tó bá hù, ẹ ó rìn. Tí kò bá hù, a ó gé ẹsẹ̀ náà."

Fáwùnmí ní kí wọ́n bá òun bẹ eegun.

Ọ̀ṣunwùnmí ìyàwó rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ mọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó lọ bá Bàbá Ifáṣadé, àgbà tó ń to eegun lábúlé wọn. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ni baba ṣe é: ó ṣẹ́ ẹsẹ̀ àkùkọ kan síbi tí ti Fáwùnmí ti kán, ó tò ó, ó dì í. Ọjọ́ tí àkùkọ bá rìn, aláìsàn á rìn. Báyìí ni dókítà ṣe ń tọ́jú ọkọ n'Ìbàdàn, tí baba ń tọ́jú àkùkọ lẹ́yìnkùlé. Wọn ò bára wọn jà, torí wọn ò mọra.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí Fáwùnmí ti padà sílé, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ará abúlé ti lọ sóko. Atẹ́gùn ò fẹ́. Ewúrẹ́ pàápàá dákẹ́. Ó wá gbọ́ ìró kan lórí sìmẹ́ǹtì.

Kó.

Ó tún dákẹ́.

Kó.

Bí ìgbà tí ṣíbí bá kan abọ́ irin. Àkùkọ ló yọ. Ẹsẹ̀ kan ò dún. Ẹsẹ̀ tí wọ́n tò ló ń dún.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá Ifáṣadé. Ó fọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ náà, ó yára nu ọwọ́ rẹ̀ sí ṣòkòtò.

"Ọparun ni mo fi dì í."

"Kí ló wá ń dún, Bàbá?"

"Ẹ bi àkùkọ." Ó mú fìlà rẹ̀, ó lọ.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, tọkọtaya padà s'Ìbàdàn, dókítà ya fọ́tò eegun Fáwùnmí. Ó gbé e sójú iná. Ó yí i po. Ó tún gbé e.

"Bàbá, ta ló yọ irin yín?"

"Ẹ̀yin lẹ fi í síbẹ̀."

"Eegun nìkan ni mò ń rí."

"Ṣé eegun tó dáa?"

"Ó dáa ju tèmi lọ."

"Ẹ ò ní gé e mọ́?"

"Kí la fẹ́ gé?"

Ọ̀ṣunwùnmí bú sẹ́rìn-ín. Ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó ní á wúlò fún okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Fáwùnmí fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti ojú títì délé, ó ń kí ẹni tí kò mọ̀.

Nírọ̀lẹ́, ó dúró lójúde, ó ń jẹ àgbàdo sísun. Àkùkọ fò sórí ògiri. Ẹsẹ̀ Fáwùnmí gbéra nílẹ̀. Òun kọ́ ló gbé e. Ó so rọ̀ sófuurufú, kò sọ̀ kalẹ̀.

Fáwùnmí jẹ èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán.

"Ìyá Dìpẹ̀, wá dì mí mú," ló fi pe ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé ó ń dùn yín ni?"

"Rárá. Ẹsẹ̀ dáa."

"Ẹ jẹ́ n lọ pa àkùkọ yìí."

"Tó o bá pa á, ẹsẹ̀ ta ló máa kú?"

Ọ̀ṣunwùnmí sáré bọ́ síta. Ó dì í mú. Ilẹ̀ ń ṣú. Lórí ògiri, àkùkọ na ọrùn, ó ń wo ẹ̀ka tó ga jù lórí igi ọsàn.