Bí Mariyah Ṣe Pín Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ilé

"Ẹ tún un kà, Alhaja. A ò gbọ́ yín dáadáa."

Ohùn Àǹtí Hàwáwù, olùkọ́ kéú, ń dún fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ nínú fóònù bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ kànga. Alhaja Àyìnkẹ́ sún fóònù náà mọ́ ẹnu, ó sì tún Súrátù Yásínì tó ń kà bẹ̀rẹ̀. Kò tíì kà á jìnnà tí àwòrán olùkọ́ náà fi dúró gbagidi, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ojú rẹ̀ kan pa dé. Nígbà tí àwòrán náà yóò fi mira pa dà, àwọn ìyá àgbà mẹ́jọ yòókù tí wọ́n jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí fóònù ti kọjá síwájú.

"Ẹ má bínú sí mi," ni Alhaja wí. "Èmi ni mò ń fà yín sẹ́yìn."

Mariyah, ọmọ ọmọ rẹ̀, gbọ́ ọ láti yàrá kejì. Ó mọ̀ pé kì í ṣe Alhaja ló ń fa ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Ó mọ ẹni tó fà á. Ṣùgbọ́n géèmù ń lọ lọ́wọ́ lórí fóònù tirẹ̀, ó ń yọ̀ geere láìdúró níbì kankan, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pariwo ní etí rẹ̀ pé kó yára. Ó tẹjú mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ilé Alhaja Àyìnkẹ́ wà ní Ìta Fájì l'Ékòó, ní ẹ̀yìn ilé kéú àtijọ́ kan. Fún ogójì ọdún ni Alhaja fi ta òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnì ní Apọ́ngbọ̀n, tó fi tọ́ ọmọ márùn-ún. Nígbà tó wà ní kékeré, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ ilé kéú, òun ń kiri ọjà fún ìyá rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń dùn ún títí tó fi dàgbà ni pé kò lè ṣí Kùránì kó kà á fúnra rẹ̀. Ìgbà tó pé ẹni àádọ́rin ọdún ló sọ èyí fún Salahudeen, àbíkẹ́yìn rẹ̀. Orúnkún kò jẹ́ kó lè máa gun àtẹ̀gùn ilé kéú mọ́, nítorí náà Salahudeen wá olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn àgbà obìnrin lórí fóònù, ó sì ra ráútà, àpótí kékeré tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo fóònù inú ilé.

Jóṣúà, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Apọ́ngbọ̀n, ló tà á fún un, tó sì wá so ó. Nígbà tó parí, Salahudeen fi páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ lé Mariyah lọ́wọ́.

"Ìwọ lo lóye nǹkan báyìí jù nínú wa," ló wí. "Máa bá wa mójú tó o."

Orí Mariyah wú lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, kò sì sí ẹni tó tíì fi nǹkan tó tó bẹ́ẹ̀ sí ìkáwọ́ rẹ̀ rí.

Ohun tó kó o sí wàhálà kò ju géèmù lọ. Òun àti ọmọbìnrin mẹ́ta ní kíláàsì rẹ̀, ní ilé ẹ̀kọ́ wọn ní ìtòsí CMS, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ń bá àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ta géèmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Àkókò yẹn gan-an ni Alhaja ń kéú, lẹ́yìn ìrun Alásárì, tí Àǹtí Àlímọ̀t, ìyàwó Salahudeen, sì ń wo fídíò bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kàn máa ń wọ́ díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n díẹ̀ yẹn ti tó láti mú kí ẹgbẹ́ wọn fìdí rẹmi.

"Mariyah, ìwọ lo ń ba tiwa jẹ́," ni Ọpẹ́olúwa tó jẹ́ olórí wọn sọ. "Ìgbàkígbà tí a bá ti fẹ́ borí ni ìwọ á di òkúta."

"Èmi nìkan kọ́ ni mò ń lò ó nílé wa."

"Ṣé ìwọ kọ́ ni páásíwọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni? Wọ inú ráútà yẹn. Ibì kan wà níbẹ̀ tí o ti lè bu ìwọ̀n fún fóònù kọ̀ọ̀kan. Bu bíńtín fún wọn, kó o fi èyí tó kù sílẹ̀ fún ara ẹ. Wọn ò ní mọ̀. Bí o bá sì mọ̀ pé o ò lè ṣe é, a máa wá ẹlòmíràn."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló dun Mariyah jù. Nígbà tó délé, ó ṣí ojú ewé ráútà náà. Ó rí orúkọ fóònù gbogbo ará ilé ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé. Ó bu ìwọ̀n tí kò tó nǹkan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó fi tirẹ̀ sílẹ̀ láìní òdiwọ̀n. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé fún wákàtí kan péré ni. Ẹgbẹ́ wọn borí lọ́jọ́ náà, wọ́n sì tún borí lọ́jọ́ kejì. Wákàtí kan di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta náà, Mariyah dé láti ilé ẹ̀kọ́, ó bá Alhaja níbi tó ti ń fi aṣọ funfun wé Kùránì rẹ̀. Ó wé e tán, ó gbé e sórí pẹpẹ tó ga jù nínú yàrá.

"Ìyá Àgbà, ẹ ò ní kéú lónìí?"

"Mo ti fi sílẹ̀, ọmọ mi." Kò bínú, kò sì sunkún. "Gbogbo ìgbà ni Hàwáwù ń ní kí n tún un kà. Mo mọ̀ pé ojú ló ń tì í láti sọ fún mi pé ahọ́n mi ti le jù. Tútù la ń ká ẹja. Bó bá ti gbẹ, kò ṣeé ká mọ́."

Mariyah wọ yàrá, ó ṣí ojú ewé ráútà. Ó fẹ́ tún un ṣe kíá kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ó pa ìwọ̀n tó bù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ́, ṣùgbọ́n ojú ewé náà tún bi í ní ìbéèrè kan: báwo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé náà ṣe tó? Kò mọ ìdáhùn. Ó kọ méjì, ó rò pé méjì méjì ni yóò kan fóònù kọ̀ọ̀kan, ó sì fọwọ́ sí i.

Kò mọ̀ pé gbogbo ilé lápapọ̀ ló fún ní méjì. Láti ìgbà yẹn, fóònù gbogbo wọn dákú, tirẹ̀ náà kò yọ. Ó pa ráútà, ó tún un tàn. Ó yọ wáyà rẹ̀, ó tún un kì bọ̀ ọ́. Pàbó ló já sí.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Salahudeen ránṣẹ́ pe Jóṣúà. Ọ̀dọ́kùnrin náà dé pẹ̀lú báàgì irinṣẹ́ ní ẹ̀yìn, ó kí Alhaja, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ráútà. Ó yọ wáyà tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé, ó kì í bọ láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n. Ó dá wáyà náà pa dà sára ráútà, ó tún un wọ̀n.

"Ìyára mẹ́gà ogún tí ẹ ń sanwó fún ló ń wọlé," ló wí. "Àmọ́ méjì péré ló ń jáde lára ráútà. Láàárín méjèèjì ni nǹkan ti dí i."

"Ta ló tà á fún wa? Ta ló so ó?" ni Salahudeen bi í. Ó ti ń bínú láti ìgbà tó ti gbọ́ pé ìyá rẹ̀ fi kéú sílẹ̀. "Ọjà tó ti bàjẹ́ lo gbé fún wa, Jóṣúà. Mo ti dárúkọ ẹ níbi iṣẹ́ wa ní Marina pé kí wọ́n gbé iṣẹ́ ráútà ọ́fíìsì fún ẹ. Lọ́jọ́ Ajé, màá sọ fún wọn pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn."

Ojú Jóṣúà rẹ̀wẹ̀sì, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò yí pa dà. "Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo inú ẹ̀. Ta ni páásíwọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ ẹ̀?"

Gbogbo wọn wo Mariyah.

"Bí o bá ti gbàgbé ẹ̀, kò burú," ni Jóṣúà fi kún un. "Màá fi abẹ́rẹ́ tẹ ẹ̀yìn ẹ̀. Gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ á pa rẹ́, a óò bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

Mariyah gbọ́ ọ yé dáadáa. Bí ó bá ti lè sọ pé òun gbàgbé, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo yóò nu gbogbo ohun tó ṣe nù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò pa dà, Alhaja yóò kéú, ẹnikẹ́ni kò ní bi í ní nǹkan kan. Ó ti la ẹnu láti sọ ọ́. Ó wá wo Jóṣúà tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Ó wo Alhaja lórí àga rẹ̀, tó ti gbà tọkàntọkàn pé òun ti di ẹja gbígbẹ.

Ó kúnlẹ̀.

"Mi ò gbàgbé ẹ̀," ló wí. "Èmi ni mo ṣe é. Jóṣúà ò ṣe nǹkan kan."

Ó sọ gbogbo rẹ̀, látorí géèmù dórí ìwọ̀n tó bù fún wọn, àti bó ṣe fẹ́ tún un ṣe ní ìkọ̀kọ̀ tó fi bà á jẹ́ sí i. Nígbà tó parí, Àǹtí Àlímọ̀t káwọ́ lérí. Salahudeen dìde, ó sì fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Alhaja gbé ọwọ́ sókè kó dákẹ́.

"Mariyah, dá mi lóhùn," ni ìyá arúgbó náà wí. "Gbogbo ìgbà tí Hàwáwù ní òun ò gbọ́ mi, ṣé ráútà ni?"

"Ráútà ni, Ìyá Àgbà."

"Kì í ṣe ahọ́n mi?"

"Kì í ṣe ahọ́n yín rárá. Ẹ máa ń kà á dáadáa. Mo máa ń gbọ́ yín láti yàrá."

Alhaja fi gèlè nu ojú. "Alhamdulilahi," ló wí. "Alhamdulilahi. Mo ti rò pé Ọlọ́run ló ní kí n sinmi."

Mariyah ti ń retí igbe tàbí ìbáwí. Ọpẹ́ tó gbọ́ yìí wọ̀ ọ́ lára ju ẹgba lọ, ìgbà yẹn ló sì bú sẹ́kún.

Salahudeen yíjú sí Jóṣúà. "Má bínú, àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ẹ kò tọ́. Iṣẹ́ Marina ṣì jẹ́ tìẹ."

"Ẹ ṣé, bọ̀ọ̀dá. Ẹni tó sọ òótọ́ yìí ni kí ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ká ní mo ti fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ ni, mi ò ní lè fi hàn láé pé kì í ṣe èmi."

Jóṣúà pe Mariyah sún mọ́ ara, ó fi hàn án bí ó ṣe yẹ kó kọ ogún síbi tó kọ méjì sí. Lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí Mariyah fọwọ́ ara rẹ̀ fi fóònù Alhaja síwájú gbogbo fóònù yòókù láti Alásárì títí di Màgàrìbì. "Òdiwọ̀n yìí fúnra ẹ̀ kò burú," ló wí. "Ẹni tó ń bù ú fúnni ló yẹ kó mọ ẹni tó nílò ẹ̀ jù."

Síbẹ̀, òótọ́ tí Mariyah sọ kò dá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pa dà. Nígbà tí Àǹtí Hàwáwù gbọ́, inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n wòlímọ̀, ayẹyẹ ìparí ẹ̀kọ́ kéú, ti àwọn ìyá mẹ́jọ yòókù kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ mọ́, ẹ̀kọ́ tí Alhaja pàdánù sì ti pọ̀ jù. Ó ní láti dúró de àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Lọ́jọ́ wòlímọ̀ náà, Alhaja lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọ̀ ní mọ́ṣáláṣí, ó jókòó láàárín àwọn àlejò. Mariyah jókòó tì í. Bí wọ́n ti ń pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí orúkọ Alhaja kò sí níbẹ̀, ó mọ bí ohun tó ṣe ti wúwo tó.

Ọpẹ́olúwa àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, kò sì wá wọn lọ. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn Alásárì, ẹ̀gbẹ́ Alhaja ló ń jókòó sí. Bí Alhaja bá gbàgbé ibì kan, òun a rán an létí. Bí òun náà bá ṣì í kà, Alhaja a rẹ́rìn-ín, a ní kó tún un kà.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n pe orúkọ Alhaja Àyìnkẹ́. Ó ṣí Kùránì, ó ka Súrátù Yásínì láìkọsẹ̀, gbogbo mọ́ṣáláṣí sì dákẹ́ fún un. Nígbà tó parí, wọ́n ní kó ṣe àdúà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Hàwáwù tí kò jẹ́ kó sú òun, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Salahudeen àti Jóṣúà. Ó wá na ọwọ́ sí Mariyah.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi yìí," ló wí, "tó sọ òótọ́ nígbà tí irọ́ rọrùn jù."

Mariyah dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ bí ọmọkùnrin, ó gbàgbé pé ìkúnlẹ̀ ló yẹ òun, àwọn èèyàn sì fi ìfẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé òun kọ́ ló yẹ kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, ti gbogbo ilé ni, òun sì ti sọ ọ́ di ti ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe, tó sì jẹ́wọ́ kó tó di pé aláìṣẹ̀ jìyà, àyè ṣì wà fún un láti tún un ṣe. Mariyah rí àyè náà gbà, títí dòní ló sì ń dúpẹ́.