Kọ́kọ́rọ́ Agbémì

Láti ojú ọ̀run ni ọwọ́ irin náà ti ń bọ̀. Ó ga ju ilé alájà lọ, síbẹ̀ ó ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ tó ń sùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣọ́bìrì kan dúró lórí òkìtì àlìkámà nínú ikùn ọkọ̀ ojú omi, ó gbójú sókè, ó la ẹnu sílẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Ẹnu irin náà wọ inú ọkà, irin lílọ́ tó wà nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ọkà sì ń gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ gòkè bí omi tó gbàgbé pé ìsàlẹ̀ ló yẹ kí òun máa ṣàn sí. Agbémì ni àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ń pe ẹ̀rọ náà. Iṣẹ́ tí ọ̀wọ́ alábàárù máa ń fi ọ̀sẹ̀ gbáko ṣe, òun á ti parí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lókè téńté, nínú yàrá gíláàsì kékeré kan, ó rí ọmọbìnrin tó ń wà á. Ẹnu yà á pé ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń darí nǹkan ńlá bẹ́ẹ̀.

Kò mọ̀ pé òun ti tètè wọlé jù. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá kó ọkà títí, tó ku èyí tó há sí kọ̀rọ̀, ni àwọn oníṣọ́bìrì máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti kó o jọ fún un. Bí Agbémì ṣe ń fa ọkà nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òkìtì tó dúró lé ń yọ́ lọ lábẹ́ rẹ̀. Ọkà dé orúnkún rẹ̀, ó dé ìbàdí. Kó tó ké, ẹ̀rọ ti dákẹ́, gbogbo èbúté sì pa lọ́lọ́. Wọ́n ju okùn sí i, wọ́n fà á jáde.

Ọmọbìnrin náà ti dúró dè é lórí ọkọ̀. Ó bi í léèrè pé:

“Ta ló ní kẹ́ ẹ wọlé?”

“Kò sẹ́ni tó ní kí n wọlé. Ìran ni mo ń wò.”

“Àwọ̀ ọkà laṣọ yín látòkè délẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹ la ẹnu sílẹ̀ tí eyín yín ń tàn, mi ò bá má rí yín.”

Nígbà tí ọkọ̀ mìíràn gúnlẹ̀, fìlà pupa fòò ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà dé wá. Ọmọbìnrin náà bi í pé kí ni ti fìlà, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní kó lè máa rí òun ni. Ọmọbìnrin náà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó pọ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ nígbà ìsinmi nìyẹn. Ọmọbìnrin náà sọ fún un bí ìjókòó òun ṣe máa ń gbọ̀n yàtọ̀ nígbà tí ẹnu Agbémì bá kún àti nígbà tó bá ṣófo. Láìpẹ́, “ẹ” di “o”, ó sì ń pè é ní Onífìlà mi.

Bàbá Onífìlà ti ṣe alábàárù rí ní èbúté yìí kan náà, èjìká rẹ̀ ọ̀tún ṣì tẹ̀ níbi tí àpò máa ń jókòó sí. Lọ́dún tí wọ́n gbé ẹ̀rọ àkọ́kọ́ dé, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, ẹni tó ń wa ẹ̀rọ kò sì mọ̀. Ọkà bò ó mọ́lẹ̀. Bàbá kò tún fẹsẹ̀ tẹ èbúté mọ́. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ gba iṣẹ́ níbẹ̀, ó dákẹ́ nítorí àtijẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ iṣẹ́ ẹni tí ọmọ náà fẹ́ fẹ́, ó gbé ife omi ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó ní òun kò ní súre fún ọwọ́ tó ń wa irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láéláé.

Onífìlà kò lè gbé ìyàwó lẹ́yìn bàbá rẹ̀, kò sì lè fi ọmọbìnrin náà sílẹ̀. Ó sọ méjèèjì fún un.

Ọmọbìnrin náà dá nìkan lọ bá Bàbá nílé. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí Bàbá kàn wá wo òun lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, bó bá sì ṣì ní rárá lẹ́yìn ìyẹn, òun á gbà.

Bàbá wá. Ọkà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó gbójú sókè wo ọwọ́ irin tó dábùú ojú ọ̀run, kò sì mọ ìgbà tí òun ṣí fìlà. Bí àwọn oníṣọ́bìrì ṣe fẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rọ dákẹ́, ọmọbìnrin náà wá bá a, ó fi nǹkan kékeré kan sí i lọ́wọ́.

“Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìyí, Bàbá. Láìsí i, Agbémì ò lè mira. Bí èèyàn bá fẹ́ wọ ìsàlẹ̀, mo máa ń yọ ọ́ fún ẹni tó máa jáde gbẹ̀yìn. Ọjọ́ tó kù díẹ̀ kí n bo ọmọ yín mọ́lẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa bá wa mú un lónìí.”

Bàbá kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn rí. Ó wo ọmọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ wo ilẹ̀, ọmọ náà sì tẹ̀ lé àwọn yòókù sọ̀ kalẹ̀. Bàbá wo kọ́kọ́rọ́ tí kò tó àtàǹpàkò, ó wo òmìrán tó dúró gbagidi nítorí rẹ̀.

Ọ̀gá èbúté sáré dé, ó ní omi ń fà, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lọ, kí wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ wá kí ẹ̀rọ lè parí iṣẹ́. Bàbá di ọwọ́ mọ́ kọ́kọ́rọ́ náà.

“Ọmọ mi wà nísàlẹ̀.”

Ọ̀gá wo ojú rẹ̀, ó sì padà.

Ìró ṣọ́bìrì ń dún lábẹ́ wọn. Nígbà tó yá, wọ́n ń jáde níkọ̀ọ̀kan, fìlà pupa ló kẹ́yìn. Bàbá bi í bóyá ó ku ẹnikẹ́ni. Ó ní kò kù. Bàbá tún bi í. Lẹ́yìn náà ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé etí ihò, ó wo inú ikùn ọkọ̀ níbi tí kò séèyàn mọ́, ó wò ó pẹ́.

“Ká ní wọ́n ti fún mi ní kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún,” ó ní. Kò parí rẹ̀.

Ó yíjú sí ọmọbìnrin náà, ó la ọwọ́.

“Gba kọ́kọ́rọ́ ẹ, ìyàwó wa.”

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Omijé kò jẹ́ kó rí àkàbà tó fẹ́ gùn. Bàbá wo fìlà dúdú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò dé e padà.

“Kẹ́ ẹ wá pupa fún èmi náà,” ó ní, “kó o lè máa rí mi látòkè.”