Páálí Ẹsẹ̀ Àlùkò

Ìlà mẹ́rin ló wà lórí páálí náà. Mẹ́ta péré ni Badrudeen kọ lánàá.

Ó tún un kà. Orúkọ ẹyẹ: àlùkò. Ibi tí a ti rí i: Kuta. Ẹni tó rí i: Badrudeen. Lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìkọ̀wé òun fúnra rẹ̀, ni ìlà kẹrin wà. Ohun tó wà níkùn rẹ̀: ẹ̀wà àti gààrí.

Àlùkò wo ló ń jẹ gààrí? Badrudeen gan-an ló jẹ ẹ̀wà àti gààrí láàárọ̀ yìí, kó tó wọ kẹ̀kẹ́ wá sílé Tíṣà Oyèdàmọ́lá.

Ó ti tó ogójì ọdún tí Tíṣà ti ń kó òkú ẹyẹ agbègbè Ìwó jọ. Á bọ́ awọ wọn tìyẹ́tìyẹ́, á fi òwú kì wọ́n, á tẹ́ wọn sínú àpótí tó ń rùn fún káńfọ̀, á sì so páálí mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ibi tó ti wá. Ní báyìí, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó sì fẹ́ fa kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹyẹ lé ẹnì kan lọ́wọ́. Ọdún mọ́kànlá ni Badrudeen ti fi sìn ín. Ta ló tún kù tó yẹ bí kò ṣe òun?

Àfi bí Kareemah ṣe dé. Ọdún méjì péré! Badrudeen ló kọ́ ọ níṣẹ́, ṣùgbọ́n ní báyìí, ọmọbìnrin náà á ti dárúkọ ẹyẹ kí ọ̀gá rẹ̀ tó gbójú sókè wo igi. Ìlara ń jẹ Badrudeen bí ikán ṣe ń jẹ òpó. Á rẹ́rìn-ín sí i lójú, á sì máa ṣépè lábẹ́ ahọ́n.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Kareemah rí àlùkò kan lẹ́bàá oko ní Kuta, ó ti kú, kò sì lójú ọgbẹ́ kankan. Ọgbọ̀n ọdún ni Tíṣà ti fi wá ẹyẹ yìí, tí àwọn àgbẹ̀ ń sọ fún un pé ó ti tán nílẹ̀ yìí. Nígbà tó fọwọ́ kan ìyẹ́ rẹ̀, ó sunkún.

Lọ́sàn-án àná, bí Kareemah ṣe lọ kírun, Badrudeen já páálí ẹsẹ̀ ẹyẹ náà. Kò tilẹ̀ kà á. Bó ṣe rí ìkọ̀wé ọmọ náà ni inú ti bí i. Ó dáná sun ún, ó sì so tirẹ̀ mọ́ ọn.

Ní báyìí, ó fa abẹ yọ, ó sì fẹ́ fi gé okùn páálí tuntun náà. Okùn kò gé. Ọrùn ẹsẹ̀ òun ló ta á. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó sì rí ojú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó pupa yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Nígbà tó padà wo páálí, ìlà karùn-ún ti wà níbẹ̀. Ìwọ̀n: kílò méjìdínláàádọ́rin. Ìwọ̀n tirẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀rù bà á dé egungun. Ó lọ bá Tíṣà nínú àga rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, bí èèyàn bá já páálí ẹsẹ̀ ẹyẹ ńkọ́?"

Tíṣà yíjú sí i. "Ẹ̀ẹ̀kan là ń so ó. Ẹyẹ tí wọ́n bá já tirẹ̀ á fi ẹni tó já a rọ́pò ara rẹ̀. Àfi kí ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí páálí àkọ́kọ́ gba ẹyẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́."

Oòrùn ti ń yẹ̀. Badrudeen gbé ẹyẹ náà, ó sáré bá Kareemah ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọ tí òun jù lọ́jọ́ orí.

"Kareemah, dákun, gba ẹyẹ rẹ. Èmi ni mo já páálí rẹ̀. Ìlara ló tì mí ṣe é."

Kareemah kúnlẹ̀ wìì. "Bọ̀dá Badru, ẹ dìde, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹyẹ mi kẹ̀? Ṣé ẹ ò kà á ni? Orúkọ yín ni mo kọ síbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́. Mo fẹ́ kó jẹ́ tiyín, kí Tíṣà lè fún yín ní kọ́kọ́rọ́."

Badrudeen bojú wo oòrùn. Kareemah ti tẹjú mọ́ páálí náà, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Bọ̀dá Badru, ta ló kọ ọjọ́ òní síwájú 'Ọjọ́ tó kú'?"