Àwòrán Tí Kamaldeen Yọ Kúrò

Orí àkàbà ni Sìmbíátù wà ní Sama Road nígbà tí Kamaldeen kọ́kọ́ rí i. Ó ń ya kìnnìún sára ògiri ilé-ìwé kan, ọ̀dà pupa ti ta sí i nímú.

"Sannu da aiki," ni Kamaldeen fi èdè Haúsá kí i.

"Yorùbá ni mí o. Ẹ ṣáà sọ pé ẹ kú iṣẹ́."

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì.

Àgùnbánirọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni Kamaldeen. Ó ń ṣe géèmù kan tí àwọn ọmọdé fúnra wọn lè to ibi tí wọ́n máa ṣeré sí lórí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sí àwòrán.

"Kí ni W yìí?" ni Sìmbíátù bi í lọ́jọ́ tó fi hàn án.

"Odò ni."

"Haba! Odò rẹ gbẹ o."

Bí Sìmbíátù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán fún un nìyẹn, tí ìfẹ́ sì wọ àárín wọn.

Bàbá Sìmbíátù, Alùfáà Sulaiman, ọmọ Ìlọrin tó ń ṣe búrẹ́dì ní Kofar Marke, kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wọn rárá. "Ẹni tó ń fi eré ọmọdé ṣe iṣẹ́?" Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ pọ̀, ó ní kí Kamaldeen gbé iṣẹ́ náà wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Àwòrán náà wá di wàhálà. Ògiri kò jókòó sáyè rẹ̀, odò ń gun orí ilé, tí àwòrán bá sì ti pọ̀, gbogbo ojú kọ̀ǹpútà á dúró gbagidi. Nígbà tí Jímọ̀ pé, àyà Kamaldeen já. Ó yọ gbogbo àwòrán kúrò, kò sì sọ fún Sìmbíátù.

Géèmù náà ṣiṣẹ́ geerege. Alùfáà mi orí. "Ọpọlọ wà níbẹ̀."

Ṣùgbọ́n ojú Sìmbíátù ti yí padà. "Àwòrán mi dà?"

"Simbi, wọ́n ń dá géèmù náà dúró. Ẹ̀rù bà mí."

"Tá a bá fẹ́ra tán, tí ẹ̀rù tún bà ọ́, ṣé èmi náà lo máa yọ kúrò?"

Ó wọ yàrá lọ.

Kamaldeen ti rí ojúure bàbá. Ó lè gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó sì máa lọ. Kò lọ. Ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ohun tí mo fi hàn yín kò pé. Àwòrán tí ọmọ yín yà ni mo fi pamọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín, bó tilẹ̀ bàjẹ́."

Ó dá àwòrán padà. Ojú kọ̀ǹpútà dúró gbagidi.

Ìlẹ̀kùn ṣí. "Kí ló ń dá a dúró gan-an?" ni Sìmbíátù bi í.

"Gbogbo ìgbà tí géèmù bá fẹ́ ya ògiri kan, á tún lọ gbé àwòrán rẹ̀ wá látìbẹ̀rẹ̀…" Kamaldeen na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ló yẹ kó gbé e wá!"

Sìmbíátù fa àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì, òun ń sọ ibi tí àwòrán kò ti bára mu, Kamaldeen ń tún un ṣe. Nígbà tó yá, gbogbo rẹ̀ yọ kedere, kò sì dúró mọ́.

Alùfáà dìde. "Ní kí àwọn òbí rẹ máa bọ̀."

"Bàbá, mi ò tíì dáhùn o," ni Sìmbíátù wí. Ó yíjú sí Kamaldeen. "Tí ẹ̀rù bá tún bà ọ́ ńkọ́?"

"Ìwọ ni màá kọ́kọ́ sọ fún."

Sìmbíátù yíjú padà sí bàbá rẹ̀. "Ó dáa. Kí wọ́n máa bọ̀."