Nígbà Tí Ẹsẹ̀ Ìyàwó Mi Ń Wú, Bàtà Ni Mò Ń Ṣe

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ilé ìwòsàn àdúgbò wa dáwọ́ ìgbẹ̀bí dúró. Agbẹ̀bí mẹ́fà ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Márùn-ún ti lọ, wọn kò sì rí ẹni rọ́pò wọn. Ẹnì kan ṣoṣo tó kù kò lè dá a ṣe tọ̀sán-tòru. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà pé kí àwọn aláboyún máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà lódìkejì afárá.

Oyún ìyàwó mi ti lé ní oṣù méje lọ́jọ́ náà. Aránṣọ ni, èmi ń ṣe bàtà. Yàrá kan náà la ti ń ṣiṣẹ́: ẹ̀rọ rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé, àpótí tèmi wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ti ilé ìwòsàn náà wọlé, kò tiẹ̀ tíì jókòó. "Ọkọ mi, wọ́n ti tì í o. Ṣé kí n lọ forúkọ sílẹ̀ lódìkejì afárá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?"

Màámi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. "Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ṣé ọmọ ti ń bọ̀ ni? Ọjọ́ tó o bá ń rọbí, ta ló máa lé ẹ padà? Jókòó jẹ́jẹ́, ìyàwó mi."

Ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mí lọ́rùn. Mo ní, "Òótọ́ ni Màámi sọ."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bàtà rẹ̀ kò wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Nọ́ńbà méjìdínlógójì ló ń wọ̀. Mo fi téèpù rẹ̀ wọn ẹsẹ̀ náà, mo gé awọ, mo ṣe ogójì fún un.

Màámi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo ẹsẹ̀ bí ẹsẹ̀ erin!"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Màmá. Ẹ̀rọ tí mò ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ló fà á."

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, ogójì náà fún un lẹ́sẹ̀. Mo ṣe méjìlélógójì, mo fi awọ rírọ̀ sínú rẹ̀. Mo rò pé mò ń tọ́jú rẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù náà, kò rí òwú kì bọ ojú abẹ́rẹ́. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹrin.

"Orí ń fọ́ mi láti àná. Nǹkan kan sì ń kọ mànà níwájú mi."

"Iṣẹ́ ojú ni. Mú un wá." Mo bá a ki òwú náà bọ̀ ọ́. Mo padà sídìí àpótí mi.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni agbẹ̀bí tó kù wá gba bàtà tó fún mi tún ṣe. Ó rí ẹsẹ̀ ìyàwó mi, kò béèrè bàtà mọ́.

"Oníbàtà, ẹ̀ẹ̀melòó lo ti sọ bàtà yìí di ńlá?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì, Màmá Nọ́ọ̀sì."

Ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀. Ojú ibẹ̀ jìn, kò sì padà. "Orí ń fọ́ ẹ? Ojú ń ṣe bàìbàì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìgbà wo ni wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ kẹ́yìn?"

"Kí ẹ tó ti ibẹ̀ ni, mà."

"Yéè! Ìgbẹ̀bí la dáwọ́ ẹ̀ dúró, a ò ní kí ẹ má wá àyẹ̀wò níbòmíràn! Àmì pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga nìyí. Gìrì aláboyún ló máa tẹ̀ lé e. Ẹ pe takisí, kíá!"

Màámi ní, "Ṣebí kò tíì rọbí?"

"Màmá, bó bá dúró de ìrọbí, ó lè má rí i."

Lórí afárá ni gìrì náà gbé e. Ọwọ́ rẹ̀ le gbagidi, ojú rẹ̀ yí. Mo fẹ́ ki ṣíbí sí i lẹ́nu, agbẹ̀bí tó bá wa lọ gbá ọwọ́ mi dànù. Ó yí i fẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀. Èmi ń pe orúkọ ìyàwó mi, kò dáhùn. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn ńlá náà, wọ́n sáré gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyá ọkọ, bí wọ́n bá ti ilé ìgbẹ̀bí yín, ẹ gba káàdì aláboyún yín lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ níbòmíràn kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, kí ẹ sì máa lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ má dúró de ìrọbí. Ẹ̀fọ́rí tí kò lọ, ojú tó ń ṣe bàìbàì, ojú, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tó ń wú sí i, inú tó ń ro lábẹ́ ìhà, ẹ má wá iṣẹ́ ọwọ́ kankan tó fà á. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ìyàwó mi yè. Ọjọ́ kẹta ló tó dá mi mọ̀. Obìnrin ni ọmọ náà. Kò mí rárá.