Ọmọ Ọba Tó Kọ̀ Láti Jókòó

Bí obìnrin òǹkọ̀wé kan ṣe ti ilẹ̀kùn ilé ìtẹ̀wé wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni. Àwòrán kan ló mú dání, ó fi ìka méjì di etí rẹ̀ mú bí ẹni di ìrù òkú eku mú. Ojú gbogbo òṣìṣẹ́ bá a lọ títí dé ìdí tábìlì ayàwòrán.

"Ta ló ní kó jókòó?"

Ayàwòrán gbójú sókè. Tàdáwà wà nímú rẹ̀, kò sì mọ̀. "Ẹ ǹlẹ́ o. Ta ni?"

"Ọmọ ọba! Ẹ wò ó lójú fèrèsé, ó ń sunkún. Ṣé ẹ tiẹ̀ ka ìtàn tí mo kọ ṣá?"

Ìdajì ló kà. Ìtàn tí gbogbo wa gbọ́ lẹ́nu ìyá àgbà ni: ọba ní ẹni tó bá borí nínú eré ìje ni yóò fẹ́ ọmọ òun. Ọkùnrin yìí rò pé òun mọ ibi tó ń lọ, ó bá ya ohun tó mọ̀. Kò mọ̀ pé nínú ti òǹkọ̀wé yìí, ọmọ ọba bọ́ bàtà, ó bọ́ sójú ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ọkùnrin, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ nínú eruku. Nígbà tó borí, ó ní òun ti gba ara òun, òun ni yóò sì yan ẹni tó bá wu òun.

Ayàwòrán ka ìyókù lórí ìdúró, ó sì fa àwòrán náà ya.

"Ẹ má bínú. Màá ya òmíràn. Ṣùgbọ́n mo máa rí ẹni tó ń sáré kí n tó lè yà á o. Ẹni tó fi ìbínú wọlé láàárọ̀ yìí dáa."

"Ẹ kọ́kọ́ nu imú yín ná."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé wọ́n ń pàdé ní pápá ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Obìnrin náà a máa sáré, ayàwòrán a máa yà á. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà ju pẹ́ńsù sílẹ̀, ó ní òun náà á sáré. Kò pẹ́ tó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìgbín mi, ṣé o ń bọ̀?"

"Mò ń bọ̀, àyànfẹ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìgbín ń gungi."

Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára. Ìyá ọkùnrin náà ló ni ilé ìtẹ̀wé, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti dé. Wọ́n ti tẹ àwòrán tán kí ìyá tó ka ìparí ìtàn.

"Ta ni yóò ra èyí fún ọmọ ẹ̀? Jẹ́ kí ọmọ ọba ṣubú díẹ̀, kí ọkùnrin kan gbé e dìde."

"Kò ní ṣubú, Mà."

"Ó dáa, máa gbé e lọ. Kó o sì fi ọmọ mi sílẹ̀. Ẹni tó kọ irú èyí ò lè gbọ́ràn sí ọkọ lẹ́nu."

Gbogbo ilé ìtẹ̀wé tó kù ti kọ̀ láti tẹ ìwé náà. Ó dun òǹkọ̀wé dọ́kàn. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ó fẹ́ràn ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti fi ọmọ ọba rẹ̀ ra ọkọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó wá gba ìwé rẹ̀. Ó bá ẹ̀rọ ní dídákẹ́, ìyá àti ọmọ dojú kọ ara wọn. Ìyá ti kọ ìparí mìíràn, ó ti gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ, ọmọ sì ti pa ẹ̀rọ náà.

"Màmá, ọmọ ọba tí mo yà kò ṣubú. Tí ẹ bá máa tẹ irọ́ yìí, ẹ wá ayàwòrán mìíràn."

"Torí obìnrin!"

Òǹkọ̀wé kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò kúnlẹ̀. "Màmá, nígbà tí ọkọ yín kú, tí ẹbí ní kẹ́ ẹ kó kọ́kọ́rọ́ ibí sílẹ̀, pé obìnrin ò lè darí ẹ̀rọ, ṣé ẹ ṣubú kí ọkùnrin kan lè gbé yín dìde?"

Gbogbo òṣìṣẹ́ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan nílẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ọmọ yín ni. Ó ní ẹ̀yìn yín lòun wà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́. Ó ní ibẹ̀ lòun ti kọ́kọ́ rí obìnrin tó ń sáré."

Ìyá wo ọmọ rẹ̀ títí. Omi lé sí i lójú, kò nù ún. Ó fa ìwé tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ yọ, ó rún un mọ́wọ́.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe kọ ọ́." Ó na ìka sókè. "Ṣùgbọ́n n ò tíì ní kẹ́ ẹ fẹ́ra yín o."

"A ò tíì bi yín náà, Mà," ni òǹkọ̀wé wí, bó ṣe ń dìde. Ó yíjú sí ayàwòrán. "Ìgbín mi, mo ti borí. Ó kù kí n yan. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ọkùnrin náà fọwọ́ nu imú, tàdáwà bá tàn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Láti ọjọ́ tó o ti fìbínú wọlé ni mo ti ń bọ̀. Mo ti dé."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ìyá kó tó rántí pé òun ń bínú. Ó wo àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti jókòó ti ọ̀rọ̀ olólùfẹ́.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ jókòó?" ló pariwo, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ tan ẹ̀rọ.