Ìkòkò Orí Àjà

Ọmọ tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré lọ kí bàbá rẹ̀ ní òwúrọ̀ ni wọ́n sin nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Yésúfù ni orúkọ rẹ̀. Ó bì títí ó fi kú. Ràbíátù ìyá rẹ̀ rí àkàrà nínú èébì náà, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò din àkàrà nílé láti ọjọ́ Jímọ̀. Kí ni agbo ilé Fàsásì, bàbá ọmọ náà, ní Bẹ́yẹrúnkà tún ń wá? Ọmọ náà ti jẹun lójú oorun. Àjẹ́ ni ó bọ́ ọ.

Wọn kò wá àjẹ́ náà jìnnà. Àṣàkẹ́ ni, ọmọ ọ̀rẹ́ Fàsásì kan tí ó kú sí ogun Kírìjì. Ìyá ọmọ náà pẹ̀lú kú sí ibùdó ogun. Nígbà tí ogun tú, Fàsásì mú Àṣàkẹ́ wálé, ó fà á lé Èjìdé lọ́wọ́, ìyàwó rẹ̀ kejì tí kò bímọ, pé kí ó máa tọ́ ọ.

“Ó jẹ bàbá, ó jẹ ìyá, ó wá jẹ tèmi,” ni Ràbíátù wí. “Ìyàwó, àjẹ́ lo ń wẹ̀ fún láràárọ̀.”

“Ìyáálé mi, ọmọdé ni.”

“Ṣé ejò kékeré kì í ṣe ejò?”

Àwọn obìnrin ilé bẹ̀rẹ̀ sí í rántí. Wọ́n ti rí Àṣàkẹ́ tí ó ń gun àjà nírọ̀lẹ́, tí òwìwí sì bà sórí ilé. Òórùn kan ń ti ibẹ̀ wá, bí òórùn òkú. Èjìdé ti rò pé eku ni ó kú síbẹ̀. Àwọn yòókù ní ẹran ènìyàn ni àwọn àjẹ́ ń pín níbẹ̀.

Fàsásì ní kí wọ́n gún èèpo ọ̀bọ̀, igi olóró tí wọ́n fi ń dán àjẹ́ wò, ní kọ̀rọ̀, nítorí òyìnbó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ti ìlú kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Àṣàkẹ́ yóò mu ún. Bí ó bá bì í, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bí kò bá bì í, yóò kú.

Èjìdé kò dúró kí igbá dé iwájú ọmọ. Ó gun àjà lọ. Ó na ọwọ́ sínú ìkòkò tí ó ń rùn níbẹ̀, ìdin sì gun apá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó gbé e sọ̀kalẹ̀ síwájú gbogbo wọn: ẹ̀kọ tí ó ti hu irun, ẹja tí ó ti di omi, àkàrà tí ojú eyín kékeré ṣì wà lára rẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ Àṣàkẹ́ ẹni tí ó ń kó o pamọ́ fún.

“Ẹ̀yin ni, Ìyá. Ní ibùdó, mo jẹ oúnjẹ tán, n kò ṣẹ́ kù fún ìyá mi. Ebi pa á kú.” Ọmọ náà wo àkàrà. “Yésúfù tẹ̀ lé mi gòkè. Mo ní tiyín ni. Ó jẹ ẹ́.”

Ràbíátù wólẹ̀, ó ń sunkún. Èjìdé ń retí kí Fàsásì fa ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́ra. Fàsásì fi etí agbádá bo imú, ó ní ọ̀rọ̀ ti yé òun.

“Ṣùgbọ́n wọ́n ti gún ọ̀bọ̀, àdúgbò sì ti gbọ́. Kí ó kúkú mu díẹ̀, kí ẹnu ayé lè padé.”

Àwọn àgbà ilé tí wọ́n pé jọ mi orí pé òótọ́ ni.

Ìdin ń rìn lápá Èjìdé, kò bì. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú un bì, lẹ́bàá ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. Ó nu ẹnu, ó gbé igbá ọ̀bọ̀ náà, ó nà án sí i.

“Baálé mi, ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.”

Fàsásì fà sẹ́yìn. Èjìdé nà án sí àwọn àgbà. Olúkúlùkù ń wo ilẹ̀. Ó da á nù, ó di Àṣàkẹ́ lọ́wọ́ mú, wọ́n kọrí sí ilé bàbá Èjìdé ní ẹsẹ̀ òkè Mápó.

Nígbà tí wọ́n dé Ọjà'ba, Àṣàkẹ́ bi í bóyá kí òun ṣì máa fi oúnjẹ pamọ́ níbi tí àwọn ń lọ.

“Rárá,” ni Èjìdé wí. “A ó jọ máa jẹ ẹ́ tán ni.”

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń rùn. Ọmọ náà kò jù ú sílẹ̀.